Ìwé Àkọsílẹ̀ tí Kọ̀ǹpútà Ń Wò Lẹ́yìn Ìṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọdé ni kọ̀ǹpútà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé bí iná bá kú lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan sórí dísíìkì lọ́wọ́, kò ní ẹ̀yìn kankan tí yóò wò nígbà tí ó bá jí. Fáìlì kan ṣoṣo kì í sì í wà lójú kan: orúkọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ àyè tí ó gbà wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ̀kan tán, tí iná sì lọ kí ó tó kan èkejì, àwọn àkọsílẹ̀ náà yóò máa ta ko ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àyè tí fáìlì kan ti jókòó sí yóò fi dà bí òfìfo, tí ẹ̀rọ yóò sì gbé e fún fáìlì mìíràn.

Lórí àwọn ẹ̀rọ Unix, fsck ni oògùn rẹ̀, ètò kan tí ń yẹ gbogbo dísíìkì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú àká, tí ó wá ń ṣa àgbàdo ibẹ̀ ní hóró kọ̀ọ̀kan. Bí dísíìkì ti ń tóbi sí i ni àyẹ̀wò yìí ń gùn, títí ó fi di ọ̀rọ̀ wákàtí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn tí ń ṣètò àkójọ dátà, tí Jim Gray jẹ́ ògbóǹtarìgì láàárín wọn, ti mọ̀ pé kí ọwọ́ tó kan ojúlówó àkọsílẹ̀, ó yẹ kí a ti kọ ohun tí a fẹ́ ṣe sínú ìwé kan lọ́tọ̀. Ní 1987, Robert Hagmann mú ọgbọ́n yìí wọ ètò fáìlì Cedar ní Xerox. IBM fi í sínú AIX, Unix tirẹ̀, ní 1990. NTFS, ètò fáìlì ti Microsoft, tẹ̀ lé e ní 1993. Ẹ̀rọ yóò kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé náà, yóò lu òǹtẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ náà níbi tó yẹ. Bí ó bá ṣubú tí ó sì dìde, ìwé yìí nìkan ni yóò kà: èyí tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, yóò tún un ṣe, èyí tí kò ní òǹtẹ̀, yóò pa á tì bí ẹni pé a kò dá a lábàá rí. Iṣẹ́ wákàtí sì di ti ìṣẹ́jú àáyá.

Lójú tèmi, Stephen Tweedie ni ìyìn rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó gbé àbá kalẹ̀ ní 1998 pé kí a fi ìwé àkọsílẹ̀ kún ext2, ètò fáìlì ti Linux, láìyí ètò dísíìkì padà. Nígbà tí ext3, èso àbá náà, wọ Linux 2.4.15 ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ẹnikẹ́ni tó ń lo ext2 lè bọ́ sínú rẹ̀ láìkó ẹrù kankan jáde.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná kì í ti í dúró mọ èyí dájú: bí a ti sábà ń lo ext3, ètò ilé ni ìwé náà ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹrù inú ilé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ sórí dísíìkì yóò bá iná lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lóòrèkóòrè, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.