Owó tó wọlé lè tún jáde: ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tajà sí òkè òkun mọ̀

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn pè mí. Oníbàárà kan ní Houston ra aṣọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi káàdì sanwó, owó wọlé, òun náà di ẹrù, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tó máa fi pé oṣù méjì, ilé iṣẹ́ tó ń bá a gbowó yọ gbogbo owó yẹn padà, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀?" Wọ́n láṣẹ o. Ó wà nínú àdéhùn tí gbogbo wa máa ń tẹ̀ láìkà.

Chargeback ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni káàdì á lọ bá báńkì rẹ̀ pé òun kọ́ lòun rajà yẹn, tàbí pé ọjà ò dé, tàbí pé ohun tí òun rà kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó tajà, òun ló máa wá máa wá ẹ̀rí kiri. Lórí káàdì Visa, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí ní àyè 120 ọjọ́. Ti PayPal tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n sanwó. Oṣù mẹ́fà gbáko! Ẹlòmíì á ti fi owó yẹn san owó iléèwé ọmọ.

PayPal ní ètò kan fún ẹni tó ń tajà, Seller Protection lorúkọ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun kọ́ lòun sanwó, tàbí pé ọjà ò dé ọwọ́ òun, ètò yìí lè jẹ́ kí owó yín dúró. Àmọ́ àdírẹ́sì tó wà lórí àkọsílẹ̀ ìsanwó yẹn gan-an ni kí ẹ fi ọjà ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì ní ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ẹrù. Tí ọjà bá tó 750 dọ́là, wọ́n máa béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó gbà á fọwọ́ síwèé.

Ibi tí kò dé rèé: tí oníbàárà bá ní ọjà dé, àmọ́ kò rí bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, ètò yẹn ò bá yín dá sí i. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ pé ọwọ́ la fi hun ún, kò lè dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Nígbà tí PayPal wọ Nàìjíríà ní 2014, fífi owó ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbà wá láàyè. Ní 2021 ni Flutterwave bá wọn dọwọ́ pọ̀ kí àwọn oníṣòwò lè máa gbowó. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ lára láti máa lo àkáǹtì àbúrò wọn ní London. Tí ẹjọ́ bá dé, ọrùn àbúrò yẹn ló ń já lé.

Ẹ ṣọ́ra fún oníbàárà tó sanwó tán tó wá ní kí ẹ yí àdírẹ́sì padà, tàbí tó ní òun máa rán ẹni tó máa wá gbé ẹrù. Èyí tó san owó lé, tó ní kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn, jìbìtì ni. Orí káàdì tí owó ti wá ló yẹ kó padà sí. Ẹ má sì gba owó ọjà nípa Friends and Family. Kò sí ààbò kankan níbẹ̀.

Ẹni tó ń kó ọjà ńlá, bíi kọ̀ǹténà kan, letter of credit ló yẹ kó bá báńkì rẹ̀ sọ. Báńkì oníbàárà ló ń ṣèlérí owó níbẹ̀, tí ìwé ẹrù bá ṣáà ti pé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù fún aṣọ ìró mẹ́ta.

Obìnrin Ìsẹ́yìn yẹn ò rí owó rẹ̀ gbà. Orí WhatsApp ló ti gba àdírẹ́sì tó fi ẹrù ránṣẹ́ sí, kò sì bá ti ẹni tó ni káàdì mu. Ní báyìí, tí wọ́n bá ní kó yí àdírẹ́sì padà, ó máa dá owó padà, á ní kí wọ́n rà á lákọ̀tun.