Duffy: Ìsọ̀rí Ẹ̀jẹ̀ Wa àti Ìwádìí lórí Kòkòrò HIV

Ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ròyìn ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní Duffy. Orúkọ aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá ni wọ́n fi pè é. Ní 1955, Ruth Sanger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní New York kò ní àmì Duffy kankan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí, Yorùbá kò gbẹ́yìn.

Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibà tí kòkòrò Plasmodium vivax ń fà kì í sábà ràn ẹni tí kò ní àmì náà, torí ara àmì náà ni kòkòrò ọ̀hún ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ àìsí àmì náà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ falciparum, ibà tó ń pa àwọn ọmọ wa. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí ìyípadà kékeré inú jíìnì tó fa àìsí àmì yìí.

Ní 2008 ni ọ̀rọ̀ kan HIV. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà sọ pé aláwọ̀ dúdú tí kò ní àmì Duffy máa ń tètè kó kòkòrò náà ju àwọn tó ní in lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí mìíràn ta kò ó: ìran tí kálukú ti wá lè da èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rú, wọn kò sì rí irú èsì náà nínú iṣẹ́ tiwọn. Ní 2011, ìwádìí láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní South Africa, tí ewu HIV pọ̀ fún, so ewu kíkó HIV mọ́ kíkéré neutrophil, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ sójà ara, tó sábà máa ń kéré lára ẹni tí kò ní Duffy, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le.

Àríyànjiyàn kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń kó HIV ran èèyàn: ìbálòpọ̀ láìsí ààbò, abẹ́rẹ́ àjọlò, àìrí ìtọ́jú gbà ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ bú ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, kí ẹni tó bá ní kòkòrò náà sì máa lo oògùn rẹ̀ déédéé.