Àpò Ta Ni Owó Náà Yóò Ti Jáde? Ìjà Lórí Oyún Ṣíṣẹ́ Nínú Òfin Ìlera Amẹ́ríkà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ìtàn ìlú òkèèrè ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìyàwó, ọmọbìnrin tàbí arábìnrin nílé. Láàárín ọdún 2009 sí 2010, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe òfin tí yóò jẹ́ kí àwọn tí kò ní owó ilé ìwòsàn rí ìtọ́jú gbà. Díẹ̀ ló kù kí òfin náà kú mọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló fẹ́ pa á: bí obìnrin kan bá fẹ́ ṣẹ́ oyún, ǹjẹ́ owó ìjọba lè bá a san án?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1965, nígbà ìjọba Ààrẹ Lyndon Johnson, ni Amẹ́ríkà dá ètò Medicaid sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ń fi owó sí i láti tọ́jú àwọn tálákà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn dá ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Roe v. Wade. Adájọ́ 7 nínú 9 ló sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, Medicaid ń san owó rẹ̀ fún àwọn aláìní.

Èyí bí àwọn tí wọ́n gbà pé ìpànìyàn ni oyún ṣíṣẹ́ nínú. Wọ́n ní bí ilé-ẹjọ́ bá tilẹ̀ gbà á láàyè, kò tọ́ kí a fi owó orí àwọn ṣe ohun tí ẹ̀sìn àwọn kọ̀. Ní ọdún 1976, Henry Hyde, aṣojúṣòfin ẹgbẹ́ Republican láti ìpínlẹ̀ Illinois, mú kí wọ́n fi gbólóhùn kan sínú òfin ìnáwó: owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ san owó oyún ṣíṣẹ́, àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Àwọn alátakò pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 1980, adájọ́ 5 fara mọ́ ọn, adájọ́ 4 kọ̀ ọ́, ó sì dúró. Ní ọdún 1993, wọ́n tún yọ oyún ìfipábánilòpọ̀ àti oyún tí ìbátan ẹni fún ni sílẹ̀ kúrò nínú ìdènà náà. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kọ sínú òfin ìnáwó.

Àwọn tí kò fẹ́ ìdènà yìí náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní olówó yóò ti àpò ara rẹ̀ san án láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, tálákà nìkan ni òfin náà dí lọ́nà.

Omi kànga méjì nínú ìkòkò kan

Nígbà tí Barack Obama di Ààrẹ ní ọdún 2009, àwọn tí kò ní ìdójútòfò ìlera ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ètò tuntun tí wọ́n ń gbèrò ni pé kí ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó ní ìrànwọ́, kí wọ́n fi tiwọn kún un, kí wọ́n sì ra ìdójútòfò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Ibí yìí ni wàhálà ti dé. Owó ìjọba nìkan ló ń san owó Medicaid, nítorí náà ọ̀rọ̀ Hyde rọrùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bu omi láti kànga méjì sínú ìkòkò kan, ta ni yóò sọ èyí tí a mu nínú wọn?

Bart Stupak, aṣojúṣòfin láti Michigan, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat bíi ti Ààrẹ, ní bí owó ìjọba bá ti wọ inú ìkòkò náà, oyún ṣíṣẹ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó fi owó ara rẹ̀ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn míràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé èyí yóò dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó ń san lára owó ìdójútòfò fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ìbò 240 sí 194 gbe Stupak. Ọmọ ẹgbẹ́ Democrat 64 ló dìbò fún un. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àbádòfin ìlera kọjá pẹ̀lú ìbò 220 sí 215.

Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, irú àtúnṣe yìí kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀: ìbò 54 sí 45 ni wọ́n fi tì í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ben Nelson ti Nebraska kò fẹ́ dìbò láìsí nǹkan kan dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè ṣe é láìsí ìbò rẹ̀. Wọ́n wá pín ìkòkò náà sí méjì: ilé iṣẹ́ ìdójútòfò tí ó bá ń san owó oyún ṣíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ tí kò bá sì fẹ́ ẹ lè fi òfin lé e kúrò nínú ọjà ìdójútòfò tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, àbádòfin náà kọjá pẹ̀lú ìbò 60 sí 39.

Inú Stupak kò dùn sí èyí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn rí ìtọ́jú gbà, ní àwọn kò lè fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn Àgùdà, tí Sísítà Carol Keehan jẹ́ olórí rẹ̀, ní kí wọ́n dìbò fún un. Ẹ ò rí i pé ìjọ kan náà ni wọ́n, ìgbàgbọ́ kan náà lórí oyún ni wọ́n sì ní!

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2010, ọjọ́ ìdìbò ìkẹyìn, Obama ṣèlérí àṣẹ Ààrẹ tí yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdènà Hyde dúró nínú ètò tuntun náà. Stupak àti àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e gbà. Ìbò 219 sí 212 ló gbé òfin náà wọlé. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin bínú sí Ààrẹ. Àwọn alátakò oyún ṣíṣẹ́ pe Stupak ní ọ̀dàlẹ̀. Kò tún du ipò rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí ìdájọ́ 1973 padà, ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ìjà náà kò tíì tán.

Ohun tí ariwo bò mọ́lẹ̀

Nínú òfin kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìdójútòfò tí ènìyàn bá rà fún ara rẹ̀ máa san owó ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ irú ìdójútòfò bẹ́ẹ̀ kì í san án. Wọ́n tún ya mílíọ̀nù 25 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 10 láti ran àwọn ọmọbìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Díẹ̀ ni àwọn tí ó gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí ohun tí owó kò gbọdọ̀ ṣe ni gbogbo ẹnu ń sọ, ẹnu kò kó jọ sórí ohun tí ó yẹ kí owó ṣe.

Àwa Mùsùlùmí mọ ibi tí a dúró sí. Hádíìsì Ibn Mas'ud kọ́ wa pé a máa ń fẹ́ ẹ̀mí sí ọlẹ̀ lẹ́yìn 120 ọjọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní másíhábì Hánáfì fàyè gba ṣíṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà bí ìdí bá wà, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbilẹ̀ ní másíhábì Málíkì, tí àwa ń tẹ̀ lé, ni pé ó léèwọ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti dúró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní sì gbà pé bí ẹ̀mí ìyá bá fẹ́ bọ́ lóòótọ́, a ó gba ìyá là.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Súrátùl-Ísírà, áyà 31 dáadáa. Ibi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì, ibẹ̀ gan-an ni Ó ti ṣe ìlérí arísìkí fún ọmọ àti òbí. Èèwọ̀ àti ìpèsè jọ rìn ni.

Sayyidina Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) lóye èyí. Àwọn onítàn ròyìn pé ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú nìkan ló ń fún ní owó láti inú báítúl-máàlì. Ní òru ọjọ́ kan ní Mẹ̀dínà, ó gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́ kan léraléra. Ìyá ọmọ náà kò mọ̀ pé Umar ni. Ó ní òun ń fi tipátipá já a lẹ́nu ọmú kí ó lè tètè gba owó. Umar sunkún nígbà ìrun àsùbáà, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ tí a bá bí ọmọ ni kí owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wàásù pé oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀, kí ó wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Òbí tí ó lé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde nítorí oyún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣẹ́ ẹ ní kọ̀rọ̀. Mọ́sálásí tí ó ní owó sàká, tí kò sì mọ aboyún tálákà tí ń bẹ ládùúgbò rẹ̀, iṣẹ́ ku síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ ara yín kúrò nínú sìná. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ kejì bo ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn aboyún wa, kí Ó sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí ó mọ ohun tí ó léèwọ̀, àti ọwọ́ tí ó mọ ìpèsè. Àmín.