Onídàájọ́ Mustapha Akanbi: Ọdún 22 ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn ọmọ Yorùbá kan tó lè kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́gbọ́n. Olóṣèlú pọ̀ tí mo lè mú, olówó náà sì pọ̀. Adájọ́ ni mo mú, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹni tó wà nílùú baba rẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ tọ baálé lọ. Àwa tí a fi Kánò ṣe ilé, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọjà tàbí gbèsè bá dójú ẹ̀, òfin ni ẹbí wa.

Ìlọrin ni àwọn òbí Muhammed Mustapha Akanbi ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932. Gold Coast ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Ghana nígbà náà, àwọn ọmọ Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò sì ń ṣòwò níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa tí a bí sí Sabon Gari. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ghana, ó sì jà fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ wọn, kí ó tó wá sí Nàìjíríà. Níbí, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń ṣe ètò orí rédíò fún àwọn ilé ìwé. Ìjọba fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Zaria, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Ìlú Ọba. Ó di lọ́yà níbẹ̀ ní 1963, ó sì di lọ́yà ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 1964.

Iṣẹ́ lọ́yà ìjọba ló kọ́kọ́ ṣe. Ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí, ó wá dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kánò níbí. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, ló padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹ wo bí àṣẹ kan ṣe lè tú agbo ilé ká nígbà tí kò sí ibi tí aláìlágbára lè sáré tọ̀.

Ní 1974, wọ́n fi í ṣe adájọ́ ní Federal Revenue Court, ilé ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Federal High Court lónìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1976 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, Onídàájọ́ Dan Ibekwe sì ni Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó tó dìgbà náà, láti ilé ẹjọ́ gíga, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní oṣù Kìíní 1977, wọ́n gbé Akanbi wọ ilé ẹjọ́ tuntun yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ibẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹlẹ́rìí kì í sábà dúró níwájú adájọ́ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ ìṣáájú ni wọn yóò kà, nígbà mìíràn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé, láti wò ó bóyá adájọ́ àkọ́kọ́ ṣi òfin lò. Adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó, ohun tí méjì bá fẹnu kò lé lórí ni yóò dúró. Àwọn baba wa ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ilé ẹjọ́ yìí wà kí a má baà gba ìdájọ́ ẹnìkan ṣoṣo bí àmúwá Ọlọ́run. Ẹni tí ìdájọ́ tó parí ẹjọ́ owó tàbí ilẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù 3 láti pè é lẹ́jọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá.

Ní 1992, Akanbi di Ààrẹ ilé ẹjọ́ náà, títí di 1999. Ìgbà líle ni. Láàárín ọdún méje yẹn, Babangida, Shonekan, Abacha, Abdulsalami àti Obasanjo ló jẹ olórí ìjọba tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, nígbà tó sì di 1994, Òfin Ológun Nọ́ńbà 12 ní ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ àṣẹ ìjọba ológun wò. Adájọ́ tí wọ́n dí lẹ́nu báyìí, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Lójú tèmi, orúkọ rẹ̀ ni. Tirẹ̀ sì dúró: nígbà tí ìjọba alágbádá dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní 2000 láti gbógun ti rìbá, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin àjọ náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí i ní 2002, àyàfi ìwọ̀nba apá tí wọ́n yọ kúrò. Àwọn èèyàn ráhùn pé ẹja ńlá kò tó nínú àwọ̀n. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọdún 25 lórí àga ìdájọ́ mọ̀ pé ariwo ọjà kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kúrò níbẹ̀ ní 2005, ó sì kú ní Ìlọrin ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2018, lẹ́ni ọdún 85.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé a bí i sẹ́yìn odi, ó fi Kánò ṣe ibi iṣẹ́, wọ́n sì fi ẹjọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí a tọ́jú ìwé wa, kí a gba ọ̀nà òfin, kí a má fi owó ẹ̀yìn ra ìdájọ́. Ẹni tó rà á lónìí, ẹni tó lówó jù ú lọ yóò rà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́la.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe àmọ́dún. Àṣẹ.