Victoria Cross

Victoria Cross (VC) ni àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi dá ọmọ ogun lọ́lá fún ìgboyà lójú ọ̀tá. Ọbabìnrin Victoria ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní, ọdún 1856, nígbà tí Ogun Crimea ń lọ sópin. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọdún 1857, ó fi fún akọni 62 ní Hyde Park, ní Lọ́ńdọ̀nù. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ní ìrísí àgbélébùú, pẹ̀lú kìnnìún àti adé lórí rẹ̀. Àti ọmọ ogun lásán, àti ọ̀gágun, ló lè gbà á.

Noel Chavasse, Arthur Martin-Leake àti Charles Upham nìkan ló ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbà á ni William Hall, ọmọ ogun ojú omi láti Nova Scotia, ní Kánádà. Nínú ogun Lucknow ní Íńdíà, lọ́dún 1857, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń yin àgbá kú, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró títí ògiri ọ̀tá fi lu. Khudadad Khan ni ọmọ ogun Íńdíà àkọ́kọ́ tó gbà á, fún akin tó ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1914. Johnson Beharry, ọmọ Grenada, gbà á lọ́dún 2005 nítorí pé ó yọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ewu ní Ìráàkì.