Ipa tí Eyín Ọgbọ́n Kó nínú Ìtàn Oògùn Ìrora

Eyín tí ó ń hù kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ ènìyàn, èyí tí ó sábà máa ń yọrí láàrin ọmọ ọdún 17 sí 25, ní orúkọ púpọ̀ ju bí ó ti yẹ kí eyín ní lọ. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, lo orúkọ náà krantēres fún un, èyí tí a lè túmọ̀ sí "àwọn aṣeparí", nítorí pé àwọn ni wọ́n ń parí iye eyín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n ń hù, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé a ti rí obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí tirẹ̀ tó jáde, tòun ti ìrora ńlá. Dentes sapientiae ni àwọn tí ń sọ èdè Látìnì pè é. Dent de sagesse ni àwọn Faransé ń wí, Weisheitszahn ni ti Jámánì, ḍirs al-ʿaql sì ni ti àwọn Lárúbáwá: ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti làákàyè ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Tọ́kì kò bá ẹnikẹ́ni du ọgbọ́n, "eyín ogún ọdún" ni wọ́n pè é. Eyín ìfẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn ará Kòríà. Àwọn ará Japan ní tiwọn ń pè é ní oyashirazu, èyíinì ni pé òbí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbà pé láti ilé ẹ̀kọ́ ni "eyín ọgbọ́n" tí àwa náà ń wí lónìí ti wọ inú èdè wa. Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ti Japan ni n óò mú. Ìgbà tí eyín yìí bá dé, ọmọ ti kúrò lẹ́yìn ìyá, òun nìkan ni yóò sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Kì í ṣe nítorí orúkọ nìkan ni mo ṣe mú ìwé kọ ọ́. Nígbà tí mo ń wá ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe rí oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀bẹ là á lára, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá eyín ọgbọ́n pàdé lójú ọ̀nà: ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó kọbi ara sí i, àti ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo irin kan tí wọ́n sọ ní orúkọ ẹyẹ òfú, nítorí pé ẹnu rẹ̀ rí bí ẹnu ẹyẹ náà. Wọn a gbé e ti eyín tí ó wà nítòsí, wọn a sì fà. Lẹ́yìn èyí, láàrin ọdún 1700 sí 1800, kọ́kọ́rọ́ eyín dé. Kọ́kọ́rọ́ ni lóòótọ́, ó jọ ti ilẹ̀kùn. Wọn a fi ìkọ́ rẹ̀ há eyín, wọn a sì yí i bí ẹni tí ń ṣí ilé. Nígbà mìíràn eyín a jáde. Nígbà mìíràn eyín a kán, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì bá a lọ. Ẹni tí ó jókòó sórí àga ń gbọ́, ó ń mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fún un tí ó dájú, àfi ọtí líle àti ọwọ́ àwọn tí yóò dì í mú.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Humphry Davy ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bristol, ní ilé ìwádìí tí Dókítà Thomas Beddoes dá sílẹ̀ láti fi onírúurú afẹ́fẹ́ wo àìsàn. Davy kò ì pé ọmọ ọdún 22 nígbà tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1800 lórí afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní nitrous oxide, èyí tí Joseph Priestley ti kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1772. Ara rẹ̀ ni Davy fi dán an wò. Ó fà á símú títí ó fi ń rẹ́rìn-ín tí ó ń fò káàkiri yàrá, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní afẹ́fẹ́ ẹ̀rín. Ní àkókò kan, eyín ọgbọ́n rẹ̀ ń yọ, ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú, kò lè sinmi, kò sì lè ronú. Ní ọjọ́ tí ìrora náà le jù, ó fa afẹ́fẹ́ yìí símú, ìrora sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìfà díẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tán lára rẹ̀, ìrora padà. Davy kọ gbogbo èyí sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ nínú ìwé náà pé, níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ yìí ti dà bí ohun tí ó lè pa ìrora, ó ṣeé ṣe kí a lò ó nígbà iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ní í dà púpọ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tà á, àwọn onímọ̀ kà á, ṣùgbọ́n ọdún 44 kọjá, wọ́n ṣì ń di àwọn ènìyàn mọ́ àga. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rín di ohun ìṣeré. Àwọn kan ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí pèpéle. Davy fúnra rẹ̀ ti yí sí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan ń wí pé ayé ìgbà náà gbà pé ìrora jẹ́ apá kan ìwòsàn; ní tèmi o, mo rò pé ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ ni irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 1844, ọ̀kan nínú àwọn eléré wọ̀nyí, Gardner Quincy Colton, wá sí ìlú Hartford ní Connecticut, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oníṣègùn eyín kan wà láàrin òǹwòran, Horace Wells ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Cooley fa afẹ́fẹ́ náà símú, ó sáré, ó fi ẹsẹ̀ gbá àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó padà wá jókòó bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Wells bi í bí kò bá dùn ún. Cooley ní òun kò mọ̀ pé òun farapa. Gbogbo àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Wells nìkan ni ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ọ̀túnla. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ Colton pé kí ó gbé àpò afẹ́fẹ́ kan wá sí yàrá òun, ó sì ránṣẹ́ pe John Riggs, oníṣègùn eyín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wells ní eyín ọgbọ́n kan tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò wá aláìsàn, kò wá ẹrú, kò wá ẹranko. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sórí àga. Ó fa afẹ́fẹ́ símú títí orí rẹ̀ fi yẹ̀ sẹ́yìn, Riggs sì fi ẹ̀mú yọ eyín náà. Nígbà tí Wells jí, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n ju gígún abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fojú inú wo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé: kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí ó sùn bẹ́ẹ̀ yóò jí.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Wells ti fi afẹ́fẹ́ yìí yọ eyín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, ó lọ sí Boston láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Wọ́n tètè gba àpò afẹ́fẹ́ kúrò nímú ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀; bí eyín ti ń jáde, onítọ̀hún ké. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pe Wells ní ẹlẹ́tàn. Ọkùnrin tí ó ké náà sọ lẹ́yìn náà pé kò fi bẹ́ẹ̀ dun òun, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ẹ̀sọ̀ fi wọ́n ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó jèrè rẹ̀ ni William Morton, tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Wells rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1846, Morton fi ether yọ eyín ọkùnrin kan; ní ọjọ́ 16 oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó fi ether mú aláìsàn sùn ní ilé ìwòsàn ńlá ti Massachusetts, Dókítà John Collins Warren sì gé kókó ọrùn onítọ̀hún láìsí igbe. Òkìkí kàn dé Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún tó parí. Morton fẹ́ sọ ọ́ di ọjà ara rẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí. Charles Jackson ní òun ni òun fi ọ̀nà han Morton. Crawford Long náà jáde láti Georgia ní ọdún 1849, ó ní òun ti fi ether ṣe iṣẹ́ abẹ láti ọdún 1842, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ síwèé kankan títí di ìgbà náà. Ìjà yìí gùn, kò sì dùn-ún gbọ́. N kò ní í dúró níbẹ̀.

Wells ń dán oògùn wò lára ara rẹ̀ síbẹ̀. Ní New York, ní oṣù Kìíní ọdún 1848, chloroform ni ó ń fà símú lójoojúmọ́, títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ó jáde sí ìgboro, ó da omi tí ń jóni sára àwọn obìnrin kan, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tí ó mọ ohun tí ó ṣe, ó kọ lẹ́tà sílẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 33 ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni. Kò mọ̀ pé àwọn oníṣègùn Páríìsì ti gbà pé òun ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìròyìn náà dé.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí William Halsted. Ní ọdún 1884, lẹ́yìn tí Carl Koller fi kokéènì pa ojú kú fún iṣẹ́ abẹ ní Vienna, Halsted fi abẹ́rẹ́ kokéènì sí ìdí iṣan tí ń gbé ìrora láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. Òun náà dán an wò lára ara rẹ̀, kokéènì sì gbà á lẹ́rú. Láti ibẹ̀ ni a ti dé procaine ti Alfred Einhorn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àti lidocaine tí Nils Löfgren ṣe ní Sweden ní ọdún 1943.

Lidocaine yìí ni wọ́n fún èmi nígbà tí wọ́n yọ eyín ọgbọ́n mi ti apá òsì ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó dùbúlẹ̀ sínú egungun, tí ó ń fi orí kan ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n la ẹran ìdí eyín, wọ́n gé eyín náà sí méjì, wọ́n sì yọ ọ́ jáde. Mo ń gbọ́ ariwo irin, mo ń mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mí rárá. Ètè mi ìsàlẹ̀ kú fún wákàtí mẹ́ta, n kò sì lè pe "b" àti "gb" kí ó dún dáadáa. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ni pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò sọnù, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ara ohùn nìkan.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú jù. Ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo ń mu, mo sì ń fi omi oníyọ̀ ṣan ẹnu láti ọjọ́ kejì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ mu sìgá, n kò gbọdọ̀ tutọ́ pẹ̀lú agbára, n kò sì gbọdọ̀ fi ohun kankan fa ohun mímu, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ihò náà ni ó bo egungun. Bí ó bá ṣí kúrò, egungun wà níta nìyẹn, ìrora rẹ̀ sì ju ti eyín fúnra rẹ̀ lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí ń gbé ọjọ́ wọ̀nyí fò kọjá.

Colton, eléré náà, padà sí afẹ́fẹ́ ẹ̀rín ní ọdún 1863, ó sì fi yọ eyín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní New York, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé Wells ni ó kọ́kọ́ lò ó. Ní ọdún 1864 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà kéde orúkọ Wells, ní ọdún 1870 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1875 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Bushnell Park ní Hartford. Riggs, ẹni tí ó fi ẹ̀mú yọ eyín ọgbọ́n náà, gbé ayé títí di ọdún 1885. Àìsàn ìdí eyín ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wò, ó sì pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fi ń pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀.