Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé: Barking àti Omi Tí London Dà Nù

Kò sí ọmọlúàbí tí a óò wí fún pé omi tí ó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde ni a fẹ́ wẹ̀ mọ́ kí ó lè mu ún, tí ọkàn rẹ̀ kò ní í kọ́kọ́ rìn. Nítorí omi tí a bù wẹ ọmọ tuntun, tí a bù wẹ òkú, omi tí kò sí ẹni tí ń bá a ṣọ̀tá, ni ohun tí ènìyàn kò fẹ́ kí àbàwọ́n kankan kàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a sì máa ka ìkọ̀sílẹ̀ yìí sí àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí n kò sì fi gbà ni ìtàn Barking àti Dagenham ní ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé lónìí.

Ìlú àtijọ́ ni Barking, ọmọ apẹja, ọmọ a-fi-odò-ṣoko, tí odò Roding ń ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ bá Thames. Láti ayé Erkenwald, tí a gbọ́ pé ó dá ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 666 fún Ethelburga arábìnrin rẹ̀, títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi ni wọ́n fi ń jẹun. Ní nǹkan bí ọdún 1850, ọkọ̀ ìpẹja onígbòkun tí ó ju 200 lọ ni ó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, ti ìdílé Hewett sì ni ó lókìkí jù. Nígbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò a da omi bo oko àbàtà wọn kí ó lè di yìnyín, wọn a wa yìnyín náà jọ, wọn a kó o sínú ilé tí Hewett kọ́ fún un, òun ni ó sì ń gbé ẹja láti Òkun Àríwá dé ọjà láìbàjẹ́. Àwọn tí wọ́n fi omi ṣòwò báyìí kì í ṣe òpè nípa omi. Rélùwéè àti èbúté tí ó sún mọ́ òkun ni ó fa òwò náà lọ sí Gorleston, kì í ṣe ẹ̀gbin. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ bí ó ti rí.

Ṣùgbọ́n bí òwò ẹja ti ń jáde ni ẹ̀gbin ń wọlé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, Thames rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ fèrèsé Ilé Aṣòfin ní Westminster sínú oògùn kí àwọn aṣòfin tó lè jókòó. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣe òfin tí ó jẹ́ kí Joseph Bazalgette rí owó la ọ̀nà ẹ̀gbin oníbíríkì sábẹ́ ilẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó máìlì 82, tí ń gba ẹ̀gbin London kí ó tó dé odò, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀gbin apá àríwá ìlú ń jáde ní Beckton, ní ẹnu odò Barking gan-an. Wọn kò wẹ̀ ẹ́, wọn kò sẹ́ ẹ. Wọn a fi í pamọ́ títí omi òkun yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, wọn a sì tú u sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Westminster gbàgbé, Barking ni ó kó o.

Ní ọdún 1866, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 5,000. Nígbà tí wọ́n fura sí omi mímu, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ East London Waterworks Company, tí ń pèsè omi fún agbègbè náà láti Old Ford lẹ́bàá odò Lea, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí ilé iṣẹ́ náà kò ti fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kán omi kan tí wọn kò sẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn oníbàárà ń bá ẹja tí ó gùn bí ejò nínú páìpù ilé wọn, ẹja tí kò sí bí ó ṣe lè gba inú iyanrìn asẹ́ kọjá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá: ìwádìí fi hàn pé omi adágún tí kò ní ìbòrí ni wọ́n tú mọ́ omi mímu. Ní ọdún 1868 ni àlùfáà ìjọ Barking àti àwọn ará ìlú kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìjọba pé ẹrẹ̀ dúdú láti ojú ìtúdà ẹ̀gbin Beckton ń dí odò àwọn. Ìjọba rán Robert Rawlinson, ó wádìí ní 1869, ó dá àwọn tí ó ni ọ̀nà ẹ̀gbin náà láre, ó sì tọ́ka sí ẹ̀gbin Barking fúnra rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1878, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Princess Alice, tí ó kún fún àwọn ènìyàn tí ń ti ìgbádùn bọ̀, forí sọ ọkọ̀ Bywell Castle ní Gallions Reach, kò jìnnà sí ibi tí à ń wí. Ó ju 600 ènìyàn lọ tí ó bá a lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ̀gbin sílẹ̀ sínú odò ni, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣubú sí. Àwọn kan tí wọ́n yọ jáde láàyè tún kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ohun tí wọ́n gbé mì ni ó pa wọ́n. Ìgbà tí àwọn òkú ti sọ̀rọ̀ ni ìjọba tó gbọ́ ohun tí àwọn alààyè Barking ti wí. Ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí ẹ̀gbin London, tí Lord Bramwell ṣe alága rẹ̀, jókòó ní 1882. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ń fi ẹfun àti èròjà irin mú ìdọ̀tí silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ dà sínú òkun, àṣà tí kò dópin títí di 1998.

Orí irú ìlú báyìí ni ọ̀rọ̀ omi àtúnlò bọ́ sí. Ọ̀dá tí ó mú Essex láàárín 1995 sí 1997 mú kí Essex and Suffolk Water, tí ń fún Barking àti Dagenham ní omi mímu, yíjú sí omi ìdọ̀tí Chelmsford, tí ó ń ṣàn wọ òkun lásán. Ní 1997 wọ́n fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sí adágún Hanningfield fún ìgbà díẹ̀. Àkókò náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ń ròyìn pé akọ ẹja nínú àwọn odò tí ń gba omi ìdọ̀tí ń ní ẹyin nínú bí abo, nítorí èròjà tí ó bá ìtọ̀ ènìyàn wọ odò. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ ti Langford tó dúró. Ó lè wẹ mílíọ̀nù 40 lítà lóòjọ́, omi náà ń lọ sínú odò Chelmer, a ń fà á jáde ní ìsàlẹ̀, a sì tún ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó di mímu. Ní ilẹ̀ wa, òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, àwọn ará abúlé tí ó wà nísàlẹ̀ sì ń mu èyí tí àwọn tòkè ti lò, láìsí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thames rí: omi tí Swindon, Oxford àti Reading ti lò ni ó ń ṣàn wá bá London, ti Luton sì ń gba odò Lea wá.

Nítorí náà, kì í ṣe omi nìkan ni ènìyàn ń kọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gbé e wá náà ni. Toowoomba ní Australia dìbò lórí omi àtúnlò ní 2006, ó sì kọ̀ ọ́, bí 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Windhoek ní Namibia ti ń mu ún láti 1968, a sì máa ń fi ìlú náà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n abẹ́ South Africa ni ó wà nígbà náà, lábẹ́ ìjọba tí kò fún àwọn dúdú ní ìbò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ẹ má bi í pé èéṣe tí kò fi mọ ekòló, ẹ bi í pé ta ni ó sọ fún un lákọ̀ọ́kọ́ pé ejò kò sí níbẹ̀.

Lónìí, ilé iṣẹ́ omi Thames Water ń gbèrò láti fa omi Thames lókè Teddington, kí omi ìdọ̀tí tí a wẹ̀ mọ́ ní ilé iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ Mogden sì dípò rẹ̀. Àwọn ará Richmond àti Kingston ti dìde sí i, a sì ń gbọ́ ohùn wọn. Beckton náà wà lára àwọn ìwéwèé tí ilé iṣẹ́ náà ti gbé yẹ̀ wò: kí wọ́n fi agbára ti omi tí ó jáde níbẹ̀ gba inú awọ tín-ín-rín kọjá, kí wọ́n sì fi páìpù gbé e lọ sí àfonífojì odò Lea, fún adágún King George V. Bí ọjọ́ náà bá dé, ó tọ́ kí wọ́n bi àwọn ará Barking léèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìwé àyẹ̀wò omi náà sì wà ní ibi tí olúkúlùkù lè kà á, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Nítorí láti àfonífojì kan náà ni Essex and Suffolk Water ti ń ra omi tí ó ń wẹ̀ mọ́ ní Chigwell.